Ọdún Mẹ́ta Péré Ni Mo Béèrè

Ìṣẹ́gun, 5 oṣù kẹjọ

Inú ń bí mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló fún mi ní ìwé yìí, ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ti ọdún tó kọjá tí kò kọ tán. Ìṣirò rẹ̀ ṣì wà ní àwọn ojú ewé àkọ́kọ́, olùkọ́ sì máàkì sí gbogbo rẹ̀ pé ó dára. N kò ya á. Kó wà níbẹ̀, kí ẹni tó bá ṣí i mọ irú ilé tó ti wá.

Ní kíláàsì àwa àgbà lónìí, Tíṣà ní kí kálukú sọ ohun tó fẹ́ dà ní ọdún mẹ́ta sí àkókò yìí, nínú iṣẹ́ rẹ̀ àti nínú ayé ara rẹ̀. Ó ní kì í ṣe àlá o, ohun tó ṣeé ṣe ni. Ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe ní òun fẹ́ lè ka ìwé ìròyìn. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn ní òun fẹ́ máa ka ohun tí wọ́n kọ sára oògùn fúnra òun. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ó kàn mí. Mo dìde lórí àga kékeré tí wọ́n ṣe fún ọmọ ọdún mẹ́fà, mo ní mo fẹ́ di olórí yàrá ìyẹ̀fun ní ilé búrẹ́dì tí mo ti ń ṣiṣẹ́.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Ẹ̀rín tí wọ́n máa ń rín sí ọmọdé tó bá ní òun fẹ́ fò lọ bá òṣùpá ni, èyí gan-an ló sì dùn mí jù. Tíṣà, tí kò dàgbà tó àbíkẹ́yìn mi, gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Màmá, ó dára o. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká mú èyí tí ọwọ́ yín lè tó. Bóyá kẹ́ ẹ máa ka ìtàn fún àwọn ọmọ ọmọ yín."

Mo fi òwe dá a lóhùn. Ó ní òun ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kò sí òwe ní kíláàsì òun mọ́, torí bí mo bá ti ń pòwe, òun kì í gbọ́ ohun tí èmi fúnra mi ń sọ. Òmíràn ti wà lẹ́nu mi fún un, mo gbé e mì. N kò ní kọ ọ́ síbí pẹ̀lú. Màá fi hàn án pé mo lè bínú láìpòwe.

Ọjọ́bọ̀, 7

Òjò. N kò lọ kíláàsì. Ìyẹ̀fun tún ti gbówó lórí, ọ̀gá wa sì ń rìn kiri bí ẹni tí eyín ń dùn.

Àbámẹ́ta, 9

Bàbá Funfun fẹ́ fẹ̀yìn tì. Òun ni olórí yàrá ìyẹ̀fun. A sọ ọ́ lórúkọ yẹn torí ìyẹ̀fun kì í kúrò lórí rẹ̀, títí irun náà fi wá funfun ní tòótọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò sì mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Ó ní bí àwọn ilé ìwé bá ti wọlé tán, tí iṣẹ́ bá dẹwọ́, òun ń lọ sílé.

Ọ̀gá pe èmi àti Kíákíá. Ó ní òun máa wo àwa méjèèjì ní gbogbo àsìkò ìwọlé yìí, òun á wá mú ẹnì kan. Ẹni náà gbọ́dọ̀ lè ka ìwé tí àwọn oníbàárà fi ń béèrè ọjà, kó má máa dúró de ẹni tó máa kà á sí i létí.

Èmi ni mo kọ́ Kíákíá níṣẹ́. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ mọ̀ bóyá ìyẹ̀fun ti wú tó. Orúkọ rẹ̀ ti sọ irú ẹni tó jẹ́. Bí a ṣe jáde báyìí, ó ní, "Ìyá Oníwèé, ṣé ẹ ti dé ibi lẹ́tà tó kẹ́yìn?" Mo ní mo ti dé ibẹ̀, mo sì ti padà wá wo Kíákíá níbi tó ṣì ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀.

Àìkú, 10

Àkọ́bí mi wá. Ó gbé èso dání, mo sì ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ń bọ̀. Ìyàwó rẹ̀ máa bímọ ní ìparí oṣù yìí. Ó ní àwọn ti sọ ọ́, gbogbo àwọn ti fẹnu kò pé bí àsìkò iṣẹ́ yìí bá parí, kí n fi ilé búrẹ́dì sílẹ̀, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Wọ́n ti kun yàrá. Wọ́n ti ra bẹ́ẹ̀dì.

Mo bi í pé ta ni gbogbo wọn. Ó dárúkọ àwọn àbúrò rẹ̀, ìyàwó rẹ̀, àti ìyá ìyàwó rẹ̀. Mo ní ó ku ẹnì kan. Ó ronú títí, ó ní ta ni.

"Màmá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó," ó ní. "Ẹ wá sinmi."

Mo ní irú ìsinmi wo ló ń ké kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ó sì ń tọ̀ síni lára. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe pé n kò fẹ́ ọmọ ọmọ mi. Bí wọ́n bá bí i lónìí, màá sáré lọ láìwọ bàtà. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọ́n ti pín ọdún tó kù fún mi bí ẹni pín aṣọ òkú, èmi nìyí ní ìjókòó, mò ń mí.

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, Tíṣà ni ẹni àkọ́kọ́ tó bi mí ní ohun tí mo fẹ́. Ó wá tún ní ó ti pọ̀ jù.

Ìṣẹ́gun, 12

Ooru bí ẹni wà nínú ààrò. A ń po ìyẹ̀fun láti kùtùkùtù, èmi níbi ọpọ́n, Kíákíá nídìí ààrò, Bàbá Funfun ní àárín. Ọ̀gá wá wò mí níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo po tèmi lọ. Mo bu iyọ̀ sí i, mo dojú agolo iyọ̀ dé sí etí ọpọ́n, gẹ́gẹ́ bí Bàbá Funfun ṣe kọ́ gbogbo wa. Agolo tó bá dojú dé túmọ̀ sí pé iyọ̀ ti wọlé, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́ títí ìyẹ̀fun á fi kúrò nínú ọpọ́n. Ọ̀gá fojú sí agolo náà, ó mi orí pé ó dára, ó lọ. Inú mi dùn títí di ọ̀sán.

Ní kíláàsì, mo ka ìlà kan láìfi ìka sábẹ́ rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 19

Mo mú ìwé ìbéèrè ọjà àtijọ́ mélòó kan wálé kí n lè fi kọ́ra. Ọ̀nà tí àwọn oníbàárà ń gbà kọ̀wé ò dára rárá. Olùkọ́ ló kọ ọ̀kan nínú wọn, ó sì dà bí ìgbà tí adìẹ bá tú ilẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 21

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, torí ọ̀la wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Búrẹ́dì ilé ìwé tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀ ni a ń ṣe. Mo po ìyẹ̀fun. Mo bu iyọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan. Mo dojú agolo dé. Mo lọ gbé àpò ìyẹ̀fun mìíràn wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Ìgbà tí mo padà, agolo ṣì dojú dé níbi tí mo fi í sí. A gé e, a mọ ọ́n, ó wọ ààrò. Ọ̀gá bu ọ̀kan jẹ, ó tu ú sọ́wọ́. Iyọ̀ ni. Gbogbo rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó lè jẹ ẹ́, ọkọ̀ ilé ìwé náà sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀gá bèèrè pé ta ló bu iyọ̀. Mo ní èmi, lẹ́ẹ̀kan, mo sì dojú agolo dé. Kíákíá ń wo ilẹ̀. Bàbá Funfun ń fọ ọwọ́ rẹ̀, ó fọ ọ́ títí mo fi rò pé awọ ara rẹ̀ á bó.

Ọ̀gá ò pariwo. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó ní, "Ìyá, ó ti ń rẹ̀ yín ni." Kó gbá mi lójú ì bá sàn fún mi. Gbogbo yàrá gbọ́ ọ, mo sì rí i lójú gbogbo wọn pé wọ́n ti gbà á gbọ́ kó tó sọ ọ́ tán. Ọdún tí mo ti lò níbí, iyọ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti gbé e lọ.

Mi ò gbàgbé. Mo mọ ohun tí ọwọ́ mi ṣe.

Ẹtì, 22

Àkọ́bí mi tẹ̀ mí láago lórí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ní ṣé èyí tó le ni mo fẹ́ tàbí èyí tó rọ̀. Inú ti ń bí mi tẹ́lẹ̀, mo bá sọ ọ̀rọ̀ iyọ̀ fún un, kó lè bá mi bínú. Ó ní, "Màmá, ẹ ò rí i báyìí?"

Mo pa fóònù.

Ìṣẹ́gun, 26

N kò fẹ́ lọ kíláàsì. Mo lọ torí kí wọ́n má baà rò pé mo ti sá.

Tíṣà tún dé ibi ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́ta. Mo dìde, mo ní tèmi ò tíì yí padà, olórí yàrá ìyẹ̀fun ni. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí, bóyá torí bí ojú mi ṣe rí. Tíṣà wò mí, ó jókòó. Ó ní tí kò bá jẹ́ àlá, ó yẹ kí n lè gé e sí wẹ́wẹ́: kí ló gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, kí ló tẹ̀ lé e, kí ló lè dí mi lọ́wọ́. Mo mú gègé. Níbi ohun tó lè dí mi lọ́wọ́, mo kọ àkọ́bí mi, mo kọ Kíákíá, mo kọ ọ̀gá, mo kọ Tíṣà.

Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ó tọ́ sí òun. Ó ní ó yẹ kí òun ti béèrè kí òun tó kọ̀. Inú mi rọ̀ díẹ̀ sí i, àmọ́ mi ò pa orúkọ rẹ̀ rẹ́.

Ó wá ní ìbéèrè kan kù. Bí mo bá dé ipò yẹn, ọjọ́ wo ni màá kúrò níbẹ̀, ta ló sì máa gbà á? N kò ní èsì. Mo bínú sí ìbéèrè náà títí mo fi délé, torí pé ó dára.

Ọjọ́bọ̀, 28

Mo bá Bàbá Funfun lẹ́yìnkùlé níbi tí a ń kó àpò ìyẹ̀fun sí. Mo ní, "Bàbá, èmi nìkan kọ́ ni mo wà nítòsí ọpọ́n yẹn."

Mo rò pé ó máa jiyàn. Kò jiyàn. Ó jókòó lórí àpò, ìyẹ̀fun rú jáde lábẹ́ rẹ̀.

"Ọwọ́ mi ni," ó ní. "Mo rí agolo tó dojú dé, mo rò pé ti ìyẹ̀fun tó ti lọ sínú ààrò ni. Mo ṣí i, mo bu iyọ̀, mo tún dojú rẹ̀ dé. Ìgbà tí mo dojú rẹ̀ dé tán ni mo rántí."

"Ẹ sì dákẹ́."

"Ó ku díẹ̀ kí n lọ. Jẹ́ kí n lọ pẹ̀lú iyì mi."

"Iyì tèmi ńkọ́?"

Ó ń gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀, ó ń gbọ̀n ọ́n, kò sì kúrò. Òun ló fi ọ̀nà agolo yẹn kọ́ mi nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, tí àkọ́bí mi ṣì wà lẹ́yìn mi. Mo fẹ́ gbá a létí. Mo fẹ́ sunkún pẹ̀lú. N kò ṣe ìkankan. Mo gbé àpò tí mo wá gbé, mo wọlé.

Mo lè sọ fún ọ̀gá lọ́la. Mo mọ ọ̀rọ̀ tí màá lò. Mo ti ń sọ ọ́ fún ògiri láti ìrọ̀lẹ́.

Ẹtì, 29

N kò sọ ọ́. Inú ń bí mi pé n kò lè sọ ọ́.

Àìkú, 31

Wọ́n ti bí i. Obìnrin ni, ó lágbára, ohùn rẹ̀ kún ilé. Mo wẹ̀ ẹ́, mo gbé e, ó di ìka mi mú bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè. Gbogbo ìbínú mi sá lọ fún bí wákàtí kan.

Wọ́n wá mú mi lọ wo yàrá mi. Bẹ́ẹ̀dì tóóró kan, ògiri tí wọ́n kùn ní ọ̀dà tó dà bí omi ẹ̀wà. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri aládùúgbò. Ọmọ ọmọ mi tó fún mi níwèé yìí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Màmá Àgbà, ṣé ẹ fẹ́ràn rẹ̀?" Bàbá rẹ̀ ní, "Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀." Ọmọ náà ní, "Àwọn ni mo bi o, Dádì."

Mo ti sọ ọ́ láti ojú ewé àkọ́kọ́. Ọmọ yẹn gbọ́n.

Mo sọ fún bàbá rẹ̀ pé màá fún un lésì tí ọ̀gá mi bá ti fún mi lésì. Ó ní, "Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ iyọ̀ yẹn, Màmá?" Mo gbé báàgì mi.

Ìṣẹ́gun, 2 oṣù kẹsàn-án

Ọ̀gá pè mí sí yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní òun mọ̀ pé èmi kọ́ ni. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nígbà tí n kò sí níṣẹ́, òun sì fojú fò ó torí pé Bàbá Funfun ni bàbá òun fi òun lé lọ́wọ́ kó tó kú.

Mo ní, "Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí n rù ú níwájú gbogbo wọn."

Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá màá lọ máa pariwo orúkọ bàbá arúgbó kiri. Mo ní èmi kì í ṣe ìyẹ̀fun tí wọ́n á fìka tẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ti wú. Mo ní bó bá fẹ́ mọ irú ẹni tí mo jẹ́, ó ti ní ọ̀pọ̀ ọdún tó fi lè wò mí. Ó tẹ orí ba. Ó ní ẹ jọ̀ọ́ mà. Ó ní ẹ jókòó.

Ó wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an. "Ìyá, mo fọkàn tán yín. Àmọ́ báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ẹ̀yin náà ò ní dà bí Bàbá láìpẹ́? Ta ló máa sọ fún mi? Kò sí ẹni tó lẹ́nu láti sọ ti Bàbá."

Ìbéèrè Tíṣà nìyẹn, aṣọ míì ló kàn wọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo ní èsì. Mo ní, "Mi ò béèrè pé kẹ́ ẹ fi mí síbẹ̀ dọjọ́ ikú. Ọdún mẹ́ta péré ni mo béèrè. Lọ́dún àkọ́kọ́, èmi ni màá máa ka ìwé ìbéèrè fúnra mi, kò sí ẹni tó máa kà á sí mi létí. Lọ́dún kejì, màá kọ́ Kíákíá ní gbogbo ohun tí Bàbá ò kọ́ ọ, màá kọ́ ọ ní sùúrù tó bá ṣeé kọ́. Lọ́dún kẹta, òun ló ń ṣe é, èmi ló ń wò ó. Ọjọ́ tí mo bá sì bu iyọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn, màá tú aṣọ iṣẹ́ mi lọ́jọ́ náà."

Ó wò mí pẹ́. Ó fa ìwé ìbéèrè ti òwúrọ̀ yẹn jáde, ó nà án sí mi.

Mo kà á. Mo fi ìka sábẹ́ rẹ̀, kò sì tì mí lójú. Orúkọ ilé ìwé tuntun kan há mi lọ́nà ọ̀fun, mo pè é ní wẹ́wẹ́ títí ó fi wá. Mo gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo mọ ikọ́ náà. Mo tún ìlà tó kẹ́yìn kà sókè, kó lè gbọ́ ọ dáadáa.

Ọ̀gá pè é wọlé, ó sọ fún un pé èmi ni òun mú, fún ọdún mẹ́ta. Ojú Kíákíá le, ó ní ọdún mẹ́ta ti pọ̀ jù, òun ò lè máa dúró de arúgbó. Mo ní, "Ó dára. O lè bínú, ó fi hàn pé o fẹ́ iṣẹ́ náà. Àmọ́ láti òní lọ, tí o bá rí mi tí mo ṣì í ṣe, tí o wolẹ̀ bó o ṣe wolẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìwọ ni màá kọ́kọ́ lé."

Ó gbé orí sókè. Ó ní, "Mo rí Bàbá lọ́jọ́ yẹn, mà." Mo ní mo mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 4

Tíṣà ní kí n ka èyí tí mo gé sí wẹ́wẹ́ fún kíláàsì. Mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Atúnbàtàṣe ní òun náà fẹ́ yí tòun padà, ìwé ìròyìn nìkan ò tó òun mọ́. Mo pa orúkọ Tíṣà rẹ́.

Ẹtì, 5

Bàbá Funfun lọ. Ọ̀gá fún un ní búrẹ́dì tó tóbi jù tí a ti ṣe rí, a sì pàtẹ́wọ́. Ó dúró níwájú mi, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, Kíákíá àti gbogbo wọn wà níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ máa lọ, Bàbá. Ọ̀nà á gbà yín." N kò tíì dárí jì í tán. Ó mọ̀. Àmọ́ ó lọ pẹ̀lú iyì rẹ̀, tèmi náà ò sì sọnù.

Ajé, 8

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ mi gẹ́gẹ́ bí olórí. Ilẹ̀ tutù, òjò fẹ́ rọ̀. Mo wà nídìí ọpọ́n nígbà tí àkọ́bí mi pè. Mo fi èjìká há fóònù mọ́ etí. Mo ní ọjọ́ Àìkú ni màá máa wá, màá wẹ ọmọ, màá gbé e títí ó fi máa sùn, ìrọ̀lẹ́ màá padà sílé mi. Bó ṣe máa rí fún ọdún mẹ́ta nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, kó wá bi mí ní ohun tí mo fẹ́.

Ó ní, "Màmá, yàrá ńkọ́? Bẹ́ẹ̀dì ńkọ́?"

Mo ní kó fún ọmọ rẹ̀ obìnrin àgbà, ó nílò ibi tó ti máa kàwé. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀, ìyá ìyàwó rẹ̀, ọjọ́ orí mi. Mo bu iyọ̀. Mo dojú agolo dé sí etí ọpọ́n.

"Mo ti fi iyọ̀ sí i," mo ní.

Ó ní òun ò gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní kó má ṣèyọnu, mo pa fóònù. Kíákíá kọjá, ó wo agolo, ó wò mí, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìyẹ̀fun wú títí dé etí ọpọ́n, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.